Akọ Àgbọ̀nrín Fi Ẹyọ Kan Dín

Ọdẹ tó bá rí àgbọ̀nrín lójú mọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un èwo ni akọ, èwo ni abo. Akọ ló ní ìwo, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa dúdú sí i bó ṣe ń dàgbà. Abo kò ní ìwo. Pupa ara rẹ̀ a máa tàn, ilà àti tótòòtó funfun rẹ̀ a sì hàn ketekete. Èyí tí ọdẹ kò lè fojú rí ni ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí a bá ka krómósómù inú sẹ́ẹ̀lì abo, 34 la ó bá níbẹ̀. Bí a bá ka ti akọ, 33 ni. Ẹran kan náà ni wọ́n, inú igbó kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n tiẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, síbẹ̀ akọ fi ẹyọ kan dín.

Iṣẹ́ mi ni kíka krómósómù ẹran. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é ní Abẹ́òkúta, lára màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn jù lọ, mo sì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá gba Ṣàpọ́n kọjá, àwọn tó mọ̀ mí a máa dá mi dúró láàárín ariwo ọkọ̀ Kútọ̀ àti ti Láfẹ́nwá, wọn a ní, "Dókítà, kí lẹ̀ ń rí kà lára ẹran tá a fi ń jẹ ẹ̀bà?" Ìbéèrè gidi ni. Àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ fi dáhùn rẹ̀, nítorí kò sí ẹran ilẹ̀ wa tó fi hàn tó o pé iye krómósómù kò sọ bí ẹnikẹ́ni ṣe tóbi tó tàbí bó ṣe gbọ́n tó. Ìtàn ló ń sọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya ẹran méjì sọ́tọ̀. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní deer kò sí nínú igbó wa. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ onílẹ̀, òkè àríwá pátápátá ló sì wà, ní Algeria àti Tunisia. Ìwo deer a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìwo àgbọ̀nrín kì í já bọ́. Màlúù àti ewúrẹ́ ni mọ̀lẹ́bí àgbọ̀nrín wa. Ìbátan tó jìnnà ni deer jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí krómósómù akọ àti abo nínú ìdílé méjèèjì jọra débi pé ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì dé ìdajì.

Krómósómù ni okùn tín-ín-tín tí DNA dì mọ́ra sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Méjì-méjì ló ń rìn: bàbá mú ọ̀kan wá, ìyá mú ìkejì. Màlúù ní 60, ewúrẹ́ ní 60, àgùntàn ní 54. Èèyàn ní 46, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 48 ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Joe Hin Tjio àti Albert Levan fi tẹ iye tó tọ̀nà jáde ní Sweden ní 1956. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ méjì péré ló kan ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Abo ní X méjì. Akọ ní X kan àti Y kan.

Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1905, lára kòkòrò tó ń jẹ ìyẹ̀fun, pé krómósómù kékeré kan ló ń ya akọ sọ́tọ̀. Ó di 1990 kí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó rí ègé DNA tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ìyẹn jíìnì, lórí Y, wọ́n sì sọ ọ́ ní SRY. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìwọ̀nba DNA tó gbé jíìnì yìí sínú ọlẹ̀ eku tó ní X méjì. Eku náà dàgbà di akọ. Jíìnì kan ló ṣe é. Ohun yòówù kí Y tún rù lẹ́yìn èyí, kó pọ̀ o, kó kéré o, ẹran á ṣì jẹ́ akọ.

X àti Y kò fìgbà gbogbo yàtọ̀ síra. Ní nǹkan bíi 180 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, krómósómù méjì tó bára dọ́gba ni wọ́n, bíi tàwọn yòókù. Nígbà tí jíìnì akọ fìdí múlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn jáwọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú pàṣípààrọ̀ tí krómósómù méjì máa ń bá ara wọn ṣe nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀. Èyí tí kò bá ṣe pàṣípààrọ̀ kò rọ́nà tún ara rẹ̀ ṣe. Jíìnì ń bàjẹ́, jíìnì ń já dànù, títí Y fi kéré dé ibi tó kéré dé yìí. X ní tirẹ̀ di ohun ìní rẹ̀ mú. Susumu Ohno ló sọ èyí di òfin ní 1967: ohun tó wà lórí X ẹran kan tó ń fọ́mọ lọ́mú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí X gbogbo wọn. X ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ọjà àti X ìyá tó fẹ́ rà á, jíìnì wọn bára mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ.

Wàyí o, kò sí ohun tó ní kí krómósómù méjì má lẹ̀ mọ́ra. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó ru ìdì igi méjì bá so wọ́n pọ̀ di ìdì kan, ìdì dín, igi kò dín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbọ̀nrín gan-an nìyẹn. Láyé ọjọ́un, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé rẹ̀ tó pínyà, Y lẹ̀ mọ́ krómósómù kan tí kò bá ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo tan, èyí tó bá ẹni kẹtàlá ti màlúù mu. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní 13.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Abo kò ní Y, nítorí náà 13 rẹ̀ méjèèjì dá dúró. Ó ní 30 yòókù, ó ní 13 méjì, ó ní X méjì: 34. Akọ ní 30 yòókù, ó ní 13 kan tó dá dúró, ó ní X kan, ó sì ní Y tó pọn 13 kejì sẹ́yìn: 33. Kò sọ ohunkóhun nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bongo, ìbátan rẹ̀ tó wà nínú igbó kìjikìji, 33 àti 34. Kudu ńlá àti eland, ìbátan rẹ̀ mìíràn, ní 31 fún akọ, 32 fún abo. Ní 2008, Jiri Rubes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brno, ní ilẹ̀ Czech, fi àwọ̀ tí wọ́n ṣe láti ara krómósómù màlúù kun ti àwọn ẹran yìí. Àwọ̀ 13 mọ́lẹ̀ lára Y pẹ̀lú.

Ẹ̀yà kan wà nínú ìdílé yìí tó jẹ́ ẹ̀rí pé ìṣirò náà tọ̀nà: kudu kékeré ti apá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Tirẹ̀, X pàápàá ti lẹ̀ mọ́ 13. Y ru ọ̀kan, X náà ru ọ̀kan, akọ àti abo sì padà dọ́gba, 38 sí 38. Ẹni tó bá ka iye wọn lásán á rò pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, bẹ́ẹ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá wá jẹ́ X nìkan ló lẹ̀ mọ́ nǹkan ńkọ́? Ìṣirò yí padà. Abo ní X méjì, àwọn méjèèjì ti di ẹrù tiwọn. Akọ ní X kan tó di ẹrù, ó ní Y, ó sì tún ní ẹnìkejì èyí tí X rù, tó dá dúró. Akọ á fi ẹyọ kan lé. Bó ṣe rí nìyẹn lára gazelle dorcas tó ń gbé ẹ̀bá aṣálẹ̀ Sàhárà: abo 30, akọ 31. Lára deer, èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni muntjac ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1970, Doris Wurster àti Kurt Benirschke tẹ̀ ẹ́ jáde pé abo rẹ̀ ní 6, akọ ní 7. Kò sí ẹran mìíràn tó ń fọ́mọ lọ́mú tí a mọ̀ tí iye rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé 70 ni baba ńlá àwọn deer ní. Reindeer ṣì ní 70 dòní. Lílẹ̀ mọ́ra, lílẹ̀ mọ́ra, ló sọ 70 di 6.

Muntjac ilẹ̀ Ṣáínà, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ní 46, iye kan náà bíi tèmi àti tìrẹ. Àwọn òyìnbó kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó sì ti bí sí i débi pé àwọn ọmọ wa tó ń gbé lápá Luton àti Bedford lè bá a níbi tó ti ń jẹ òdòdó wọn lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa kò ní tètè dá muntjac méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, ọ̀kan ní 46, èkejì ní 6. Bí iye bá jẹ́ ọlá, ẹ sọ fún mi èwo nínú wọn ló lọ́lá.

Kí X ru ẹrù ṣòro díẹ̀ ju ti Y lọ. Mary Lyon ló ṣàlàyé ní 1961 pé inú sẹ́ẹ̀lì abo, ọ̀kan nínú X méjèèjì ni ara máa ń pa lẹ́nu mọ́. Bí ìdákẹ́jẹ́ yìí bá ràn dé ara krómósómù tó lẹ̀ mọ́ X, àwọn jíìnì tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á dákẹ́, ara á sì jìyà rẹ̀. Lára gazelle àti muntjac, DNA dídì kan wà láàárín X àti ohun tó rù, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní jíìnì kankan. Ohun tí a gbà ni pé òun ni ààlà tí kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ré kọjá.

Ti àgbọ̀nrín ló wù mí jù, nítorí ọ̀nà tí ogún ń gbà lọ nínú rẹ̀. Bàbá àgbọ̀nrín á fún ọmọ rẹ̀ akọ ní Y tó pọn 13. Á fún èyí tó jẹ́ abo ní X àti 13 tó dá dúró. Ẹ̀yìn Y, láti bàbá dé ọmọ akọ dé ọmọ-ọmọ akọ, ni ibi tí 13 náà ti lẹ̀ mọ́ Y ń gbà lọ, kì í yà. Nígbà tí akọ bá sì ń ṣe àtọ̀, àwọn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fara kanra kí wọ́n tó pínyà: X, Y àti ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú 13 tó dá dúró. X àti 13 gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà kan lọ, Y àti ẹrù rẹ̀ bá ọ̀nà kejì lọ. Bí wọ́n bá ṣì í, ọlẹ̀ tó bá jáde nínú àtọ̀ náà kò ní pé. Àgbọ̀nrín ti ń ṣe èyí láti ayébáyé, igbó sì ń rí ọmọ rẹ̀.

Kí ló máa gbẹ̀yìn irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Muntjac dúdú ilẹ̀ Ṣáínà, tí abo rẹ̀ ní 8, tí akọ ní 9, ló ń fi hàn wá. Nínú akọ rẹ̀, krómósómù kan tó ti di ti akọ nìkan yí ara rẹ̀ padà sódì níbì kan, kò sì lè bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní 2008 rí i pé àwọn jíìnì orí rẹ̀ ti ń ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé mílíọ̀nù kan ọdún. Ohun tó sọ Y di kékeré láyé àtijọ́ ni wọ́n ń wò yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń kà á rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. A ó fa ẹ̀jẹ̀ ẹran sínú ìgò tí oògùn amẹ́jẹ̀-má-dì wà nínú rẹ̀. A ó fi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì sí i, pẹ̀lú èròjà kan tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wà, èyí tó ń ta sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ jí kó lè máa pín. Wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ lò nínú ooru tó bá ti ara ẹran dọ́gba, láìgbóná jù, láìtutù jù. Ẹni tó bá mọ̀ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe ní Abẹ́òkúta mọ ìtumọ̀ wákàtí 72. A ń fetí sí jẹnẹrétọ̀ lóru bí ìyá ọmọ tuntun. Lẹ́yìn èyí la ó fi colchicine dá sẹ́ẹ̀lì dúró níbi tó ti ń pín gan-an, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni krómósómù máa ń dì mọ́ra dáadáa, tó sì ń hàn. A ó da omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó lé e lórí, sẹ́ẹ̀lì á mu ún yó, á wú. A ó wá kán an sórí gíláàsì láti òkè, á bẹ́, krómósómù á tàn ká. A ó fi Giemsa kùn ún, a ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù.

Ti màlúù kì í fi X rẹ̀ pa mọ́: ó tóbi, apá méjì ló ní, nígbà tí 58 yòókù ní apá kan. Ti ewúrẹ́ ni yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ láàgùn, nítorí X rẹ̀ náà ní apá kan bíi tàwọn tó yí i ká; Y rẹ̀ nìkan, tó kéré jù nínú gbogbo wọn, ló ṣeé nawọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá Y kọ́kọ́.

Ẹ rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè la nílò. Àgbọ̀nrín tí wọ́n ti yan gbẹ, tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò lè sọ iye krómósómù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. DNA rẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀: ègé awọ kékeré tó láti wá SRY, kí a mọ̀ bóyá akọ ni wọ́n pa tàbí abo, bí wọ́n tiẹ̀ ti gé orí rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kíkà, ẹ̀jẹ̀ tútù ló ń fẹ́.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ inú igbó lásán ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká dé odò ẹran ní Láfẹ́nwá. Màlúù funfun oníké tó pọ̀ jù níbẹ̀, tí a ń pè ní White Fulani, ìran zebu ni. Muturu àti N'Dama, tí wọn kò níké, ìran mìíràn ni. Y zebu ní apá kan, ti ìran aláìníké ní apá méjì, a sì lè fi maikirosikóòpù rí ìyàtọ̀ náà. Ìwádìí tó dá lé Y lórí fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ akọ zebu ni ọ̀pọ̀ màlúù oníké Áfíríkà ti gba Y wọn. DNA tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan wá sì fi hàn pé ìran aláìníké, ìran tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni àwọn ìyá wọn. Akọ ló wá bá abo nílé. Ìran aláìníké yìí ló sì lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà. Kò sí ìwé àtijọ́ kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Y ló tọ́jú ìdajì ìtàn náà, ìyá tọ́jú ìdajì.

Ọ̀rọ̀ náà tún wọ inú ilé wa. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ níbi ìjókòó àgbà pé ìyàwó kan kò mọ ju ọmọbìnrin bí lọ, pé kí ọkọ rẹ̀ lọ wá ẹlòmíràn tó máa bí ọkùnrin fún un. Ẹyin obìnrin, X ló wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Àtọ̀ bàbá ni ìdajì rẹ̀ gbé X, tí ìdajì gbé Y, èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń pinnu. Mi ò ní kí wọ́n wá gbé ẹ̀bi náà lé ọkùnrin lórí, nítorí òun náà kò yan àtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lé ìyàwó lọ nítorí ọmọbìnrin, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀: ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa krómósómù àgbọ̀nrín àti àwọn ìbátan rẹ̀, inú ọgbà ẹranko òkè òkun ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá, yàrá ìwádìí òkè òkun la sì ti kà á. Ẹran ọ̀hún wà nínú igbó Ògùn. Ọgbà ẹranko wà nínú Yunifásítì FUNAAB níbí ní Abẹ́òkúta, òmíràn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin dókítà ẹranko, ìgbàkígbà tí ẹ bá dá ẹran ìgbẹ́ dùbúlẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀, ẹ fa ìgò ẹ̀jẹ̀ kan sí i, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti wá sára rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lè kà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin ọdẹ, bí ẹ bá rí ọmọ àgbọ̀nrín láàyè, ẹ má pa á. Ẹ pè wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ń sá fún maikirosikóòpù nítorí pé kọ̀ǹpútà ló ń mówó wọlé, kíkà yìí kò ní ka ara rẹ̀. Bí a kò bá kà á nígbà tí igbó ṣì ní in, iye tí àwọn ẹlòmíràn bá fún wa la ó máa gbà.